Plantain kọ́ ni plantain: ohun tójú mi rí nídìí ìwé oògùn àtijọ́

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lórúnkún lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ rìn kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òtútù Manchester wà níta, fóònù nìkan ló kù tí mo ń tẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn kan ń wá ẹni tó máa bá wọn ka ìwé oògùn àfọwọ́kọ tí àwọn ìdílé òyìnbó kọ láàárín 1600 sí 1700, kéèyàn máa tẹ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kó sì ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tó le. Owó ò sí níbẹ̀ o. Kíá ni mo forúkọ sílẹ̀. Pharmacy ni mo kà nílé kí n tó rìnrìn àjò, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ń ta lékuléja ní ọjà Bódè n'Ìbàdàn, mo ní ta ló tún kù tó máa kà á tí kì í bá ṣe èmi. Ẹnu mi!

Ojú ìwé mẹ́fà ni wọ́n fún mi. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìyáálé ilé ló sábà máa ń kọ ọ́, tó bá kú ọmọ ẹ̀ obìnrin á gbà á, á máa kọ tiẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí ọwọ́ ìkọ̀wé mẹ́ta mẹ́rin nínú ìwé kan ṣoṣo. Oúnjẹ àti oògùn ò yàtọ̀ síra níbẹ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ tí mo ṣí, lókè ni bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì wà, nísàlẹ̀ ẹ̀ ni oògùn àjàkálẹ̀ àrùn, láàárín méjèèjì inú ẹnì kan ń run ún.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ojú ìwé kan gbà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn ni. Lẹ́tà s wọn gùn bí ọ̀pá, ó jọ f, mo ti kọ «fugar» sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mọ̀ pé ṣúgà ni wọ́n ń wí. «Ye» tí wọ́n ń kọ káàkiri, «the» lásán ni, lẹ́tà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní thorn ló wá dà bí y lọ́wọ́ wọn. U di v, v di u, «wch» ni «which», ẹni kan náà á kọ ọ̀rọ̀ kan lọ́nà mẹ́ta nínú ìlà márùn-ún, kò kàn án. Ohun tó wá gbà mí sílẹ̀ ni pé mo mú pépà kan, gbogbo lẹ́tà tó bá dá mi lójú, bíi ti «water» àti «take» tó wà níbi gbogbo, mo ya bí obìnrin tó kọ ìwé yẹn ṣe ń kọ ọ́ síbẹ̀, látorí ẹ̀ ni mo ti ń mọ ìyókù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ má tún sípẹ́lì ẹnikẹ́ni ṣe o, bó ṣe kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, ibi tí ò bá yé yín ẹ fi àmì ìbéèrè síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọdún tí wọ́n bá kọ síwájú oògùn, torí kó tó di 1752, March 25 ni ọdún tuntun wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní England, February 1664 tiwọn, 1665 ni lójú tiwa.

Ìwọ̀n oògùn náà fẹ́ gbé mi ṣubú. Wọ́n ní àmì kan tó jọ nọ́ńbà 3, ʒ, mo kọ́kọ́ rò pé mẹ́ta ni wọ́n ń wí, àṣé dram ni. Tó bá ní fìlà lórí, ℥, ounce ni. 20 grain ló jẹ́ scruple kan, scruple 3 ló jẹ́ dram, dram 8 ló jẹ́ ounce, ounce 12 ló wá jẹ́ pọ́n-ùn, kì í ṣe 16 tí wọ́n ń lò lọ́jà. Àmọ́ obìnrin yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè òṣùwọ̀n, ó kàn á ní ẹ̀kúnwọ́ kan, tàbí ìwọ̀n tí orí owó sílè lè gbà, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó hó ní «a walme or two», ìyẹn ni pé kó ru sókè lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Èyí tí ìka mẹ́ta bá lè fà mú náà ní orúkọ tiẹ̀ lédè Látìn, pugillus. Mo rẹ́rìn-ín, torí bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣe ń wọn nǹkan nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n.

Ó wá ku àwọn orúkọ oògùn. Àwọn tó dẹ́rù bà mí kọ́ ló wá fìyà jẹ mí. «Electuary», mo rí i, àyà mi já, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí díkíṣọ́nárì fi sọ fún mi pé ẹ̀tù tí wọ́n fi oyin pò ni, àgúnmu olóyin, ó parí. «Bole armeniac», amọ̀ pupa láti Armenia. «Hartshorn», ìwo àgbọ̀nrín òyìnbó tí wọ́n ń sun tí wọ́n ń kó òórùn ẹ̀ sí ìgò fún ẹni tó bá dákú. Gbogbo ìyẹn kò pẹ́ rárá. Ẹ fi káàdì láíbìrì àdúgbò yín wọ Oxford English Dictionary lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ láíbìrì ìjọba níbí ló fàyè ẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ máa wo ọdún tí wọ́n kọ síwájú ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá bá ọdún ìwé yín mu ni kẹ́ ẹ mú.

Àwọn tí mo rò pé mo mọ̀ ni, ẹ gbà mí.

Plantain. «Take plantain water», fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀. Mo jókòó, mo ń ronú pé báwo ni wọ́n ṣe ń fún omi jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, mo tiẹ̀ kọ àlàyé gígùn nípa bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe dé England, ó dùn ún kà gan-an. Irọ́ pọ́ńbélé. Ewéko kan tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, Plantago, ewé ẹ̀ fẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi níbí, ojoojúmọ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwa ṣọ̀wọ́n ní London débi pé ní 1633, nígbà tí Thomas Johnson tó jẹ́ apòògùn gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó wá láti Bermuda kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, nǹkan ìwòran ni. Mo pa gbogbo àlàyé mi rẹ́.

Treacle náà tún dé. Treacle tá a mọ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì, omi ṣúgà dúdú ni, mo ní ó dáa, wọ́n fẹ́ kí oògùn dùn. Rárá o. «Venice treacle» jẹ́ oògùn tó ń pa oró, tó ní èròjà tó lé ní 60, ẹran paramọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, opium wà níbẹ̀, tí wọ́n á gún pọ̀ mọ́ oyin, láti ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ẹranko búburú lorúkọ náà ti wá, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ di omi ṣúgà. Tẹ́ ẹ bá wá rí «dragons», ewé ni. «Dragon's blood», oje igi pupa ni. Ejò abìyẹ́ kankan ò sí níbẹ̀. «Bruise ye herbs» kì í ṣe pé kẹ́ ẹ lu ewé lálùbami, ẹ tẹ̀ ẹ́ lódó díẹ̀ ni. Pellitory méjì ló wà, ti ara ògiri àti ti Spain, ẹbí wọn ò tiẹ̀ pa pọ̀, ìkejì ni wọ́n ń jẹ lẹ́nu fún eyín ríro, obìnrin tiwa kọ «pellitory» lásán, ó bá tiẹ̀ lọ. Èmi náà fi àmì ìbéèrè síbẹ̀.

«Flowers of brimstone» ni mo bá pe Màámi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi yẹn, lórí WhatsApp. Mo ní, «Màámi, ẹ bá mi dá sí i, òyìnbó ní òdòdó imí ọjọ́, òdòdó wo ló ń hù lára imí ọjọ́?» Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, «Ìwọ ọmọ yìí, ṣé imí wá ni imí ọjọ́ tí mò ń tà?» Ọ̀rọ̀ parí. Imí ọjọ́ tí wọ́n bá fi iná mú kó di èéfín tó wá dì padà bí ìyẹ̀fun ni wọ́n ń pè ní òdòdó. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó bá rọrùn jù ni mo kọ́kọ́ ń wò nínú díkíṣọ́nárì.

Ibì kan wà tí ọgbọ́n ilé ràn mí lọ́wọ́, ibi «ague» ni. Ibà ni, ọ̀pọ̀ ẹ̀ sì jẹ́ ibà ẹ̀fọn gan-an, torí ibà ẹ̀fọn wà ní England nígbà yẹn, ní ilẹ̀ àbàtà Kent àti Essex. Wọ́n wá pín in sí «tertian» àti «quartan», ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta àti ti ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń jiyàn pé kí ló dé tí wọ́n ń pe ibà tó ń dé lẹ́yìn wákàtí 48 ní ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ méjì méjì ló ń wá. Kò rú mi lójú rárá. Ẹni tó bá ti ná ọjà ọrọọrún mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ná an, torí a máa ń ka òní mọ́ ọn. Bí àwọn ará Róòmù náà ṣe ń kà nìyẹn. Mo kọ ọ́ fún wọn, ó yé wọn wàyí. Oògùn ibà náà ni «Jesuits' bark», èèpo igi tó ń ti Peru wá, àwọn kan lára àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ò fẹ́ fojú rí i nítorí orúkọ àwọn àlùfáà Kátólíìkì tó wà lára ẹ̀, ó di 1677 kó tó wọ ìwé oògùn àwọn dókítà London. Inú èèpo yẹn náà ni wọ́n ti wá yọ kuníìnì ní 1820, kuníìnì tí gbogbo wa mu tá a fajú ro.

Èyí tó pẹ́ jù lọ́wọ́ mi, oògùn inú rírun ni. Wọ́n ní kí wọ́n mú ata ilẹ̀, cinnamon, «graines, of each ij drams», ìyẹn dram méjì méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú wáìnì. Mo wo «graines» yẹn, mo ní ìwọ̀n grain tí 20 ẹ̀ ń jẹ́ scruple kan ni, obìnrin yìí kàn gbàgbé láti kọ iye ẹ̀, mo kọ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò dá a padà, ó ní kí n tún un wò, pé kí ló dé tí ìwọ̀n á fi tún ní ìwọ̀n tiẹ̀. Òótọ́ ni ṣá. Mo padà sí díkíṣọ́nárì, ó ní ìkékúrú «grains of paradise» ni, kóró Párádísè. Mo ní Párádísè wo tún nìyí, mo wá orúkọ Látìn ẹ̀, Aframomum melegueta, mo tẹ̀ ẹ́ sí Google, àwòrán jáde.

Atare!

Atare o, atare tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, tó ṣẹ́ kù níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré wọlé, ó rò pé mo ti ṣubú. Àwọn Pọtogí ló ń kó o lọ lójú òkun láti etíkun tiwa nílé, láti nǹkan bí 1460 sókè, kó tó dìgbà yẹn aginjù Sàhárà ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe etíkun Liberia ní Grain Coast. Àwọn tó ń pọn bíà náà ń fi í sínú bíà kó lè ta lẹ́nu, títí òfin England fi ní kí wọ́n má ní in lọ́wọ́ mọ́ ní 1816. Mo tún pe Màámi, wọ́n ní, «Ṣé òyìnbó náà ń jẹ atare ni? Wọ́n wá ń pe tiwa ní jùjú.» Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn.

Mo fọ́ ẹyọ kan, mo tú kóró ẹ̀ sórí tábìlì, mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi mọ́ àlàyé mi.

Ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni mẹ́ta ló ní kí n fún àwọn ní oògùn kan nínú ẹ̀. Mi ò fún ẹnikẹ́ni. «Sugar of lead» tó dùn létí yẹn, òjé ni, majele ni, ó sì dùn lẹ́nu lóòótọ́, ohun tó burú nínú ẹ̀ nìyẹn. Ewé pennyroyal, òróró ẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Mẹ́kúrì ni wọ́n ń fi ra àwọn tó ní syphilis lára. Wọ́n á sì kọ «probatum est» sábẹ́ gbogbo ẹ̀, pé a ti dán an wò, àfi bí ẹni tó ń ta àgbo nínú mọ́tò Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́.

Wọ́n gba iṣẹ́ mi wọlé lọ́jọ́ Tuesday, wọ́n tún fún mi ní ojú ìwé mẹ́rin míì. Mo ṣí àkọ́kọ́, omi ìgbín fún ikọ́ ife ni, kí wọ́n mú ìgbín odidi agbọ̀n kan, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n gún un tèèpo tèèpo pẹ̀lú ekòló. Inú mi ti ń dùn pé mo mọ ìgbín, mo tún rántí plantain, mo dìde mo lọ wo irú ìgbín tó ń jẹ ewé lẹ́yìnkùlé mi. Kò tó orí àtàǹpàkò.