Mọ́tò Aṣíjú-Òrùlé Tó Ti Dàgbà: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ta Ilé Àánú Lọ́rẹ ní Èkìtì

Mọ́tò ẹlẹ́ni méjì tó ń ṣí òrùlé, irú Mazda MX-5, BMW Z3 tàbí Mercedes SLK, kò wúlò fún ilé ọmọ aláìníyàá láti fi gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ìjókòó méjì péré ló ní, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ ilẹ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ọ̀nà wa. Ohun tí ẹ lè fi ta wọ́n lọ́rẹ gan-an ni owó tó wà nínú rẹ̀, tàbí ẹ̀kọ́ tó wà lára rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Bó bá jẹ́ owó ni, ẹ tà á fúnra yín, kí ẹ sì san owó náà sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé àánú náà, kì í ṣe àkáǹtì alága tàbí ti ìyàwó olùdásílẹ̀. Ọ̀nà yìí la fara mọ́ jù. Ẹni tó ń ra irú mọ́tò báyìí kò pọ̀ ní Èkìtì. Èkó ni ẹ ti máa tètè rí wọn, níbi tí ọjà Ládípò ti wà nítòsí fún ẹni tó bá ń wá ẹ̀yà ara rẹ̀. Bí ẹ bá já mọ́tò náà sílẹ̀ fún àwọn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń nájà rẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò ni yóò wà títí òjò yóò fi jẹ kánfáàsì rẹ̀ tán.

Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ni, ẹ fi sọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, tàbí ẹ̀ka mẹkáníìkì ní Pólì Adó-Èkìtì. Ẹ́ńjìnnì àwọn mọ́tò mẹ́ta tí a dárúkọ wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń yí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ọ̀pá gígùn tó so jíà mọ́ ẹ̀yìn, èyí tí kò sí lára ọ̀pọ̀ mọ́tò kéékèèké òde òní. Kódà kí ẹ́ńjìnnì ti kú, ó ṣì wúlò. Ẹ kọ lẹ́tà ránṣẹ́ ná, kí ẹ sì gba èsì pé wọ́n fẹ́ ẹ, kó tó kúrò nílé yín.

Ẹ wo ẹni tí ẹ fẹ́ fún dáadáa. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ wá orúkọ náà lórí ìkànnì CAC fúnra yín. Orúkọ ibẹ̀ àti ti àkáǹtì gbọ́dọ̀ bára mu.

Ọ̀rọ̀ pátíkúlásì ló ń ba ẹ̀bùn mọ́tò jẹ́ jù. Tí mọ́tò bá kúrò lọ́wọ́ yín tí orúkọ yín ṣì wà nínú ìwé, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá máa wá kàn bí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ bá gbá ènìyàn. Ẹ kó ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín jọ, pẹ̀lú láísẹ́ẹ̀sì, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti rìsíìtì tí ẹ fi rà á. Bí ìwé bá sọnù, ẹ lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí ẹ sì lọ búra ní kóòtù. Bó bá jẹ́ mọ́tò bàbá tó ti dolóògbé, ọmọ kan ṣoṣo kò lè fi tọrẹ. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí ogún ní Kóòtù Gíga, kí gbogbo ẹni tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ sì fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìwé ẹ̀bùn ní ẹ̀dà mẹ́ta: orúkọ mọ́tò, ọdún rẹ̀, àwọ̀, nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì, iye kìlómítà, àti nọ́ḿbà sáàsí tó jẹ́ lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ḿbà 17. Ara mọ́tò ni kí ẹ ti da nọ́ḿbà yìí kọ, ẹ má dà á kọ láti inú ìwé àtijọ́. Lẹ́tà kan tó bá yàtọ̀ ti tó láti dá ìyípadà orúkọ dúró. Ẹ kọ àléébù rẹ̀ náà sínú ìwé yìí, kí ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì tó wà ní Amẹ́ríkà, ti yín yàtọ̀. Láti ọdún 2005, bí ilé àánú tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bá ta mọ́tò náà ju $500 lọ láìlò ó, iye tí wọ́n tà á ni ẹ lè yọ nínú owó orí, kì í ṣe iye tí ẹ rò pé ó tó. Bó bá ju $500 lọ, ẹ gba fọ́ọ̀mù 1098-C lọ́wọ́ wọn.

Ní ti àtúnṣe, ẹ má kun mọ́tò tí ẹ fẹ́ fi tọrẹ. Òrùlé ni kí ẹ náwó sí. Omi tó bá dà sórí kánfáàsì ń gba ihò kéékèèké lẹ́yìn ìjókòó jáde sísàlẹ̀ mọ́tò. Bí ewé àti eruku ọyẹ́ bá dí ihò yìí, omi á dúró sínú irin ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, á sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Kí ẹ tó rí ìpẹtà níta, inú ti jẹrà. Ẹ fi okùn ọ̀rá tó le díẹ̀ tú u. Ẹ má lo wáyà, ó lè lu rọ́bà ibẹ̀. Ẹ da omi ìdajì lítà sí i, kí ẹ sì rí i pé ó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè wò. Bó bá tutù, ẹ ṣí òrùlé sóòrùn títí yóò fi gbẹ.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ kánfáàsì, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń tú omi jáde pẹ̀lú agbára. Fèrèsé ẹ̀yìn tó jẹ́ ọ̀rá máa ń sán bí ẹ bá ká a nígbà tó tutù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oòrùn yá a ná. Lára MX-5 àkọ́kọ́, ẹ tú síìpù fèrèsé náà kí ẹ tó ká òrùlé. Ti SLK jẹ́ irin, ọ́ọ̀lì ló ń gbé e. Bó bá dúró lágbedeméjì, ẹ wo ọ́ọ̀lì náà kí ẹ tó fipá tì í.

Bátìrì MX-5 ìran àkọ́kọ́ àti ìkejì wà nínú búùtù, ó sì ní ọ̀pá tó ń gbé èéfín rẹ̀ jáde. Bátìrì lásán tí kò ní àyè fún ọ̀pá yìí á jẹ irin ibẹ̀ dípẹtà. Bátìrì tó dára tó ti sinmi máa ń fi nǹkan bíi fólútì 12.6 hàn. Ẹ fa epo tó ti pẹ́ nínú táǹkì kúrò. Nọ́ḿbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀: 1817 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 18 ọdún 2017.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ọkọ̀ tó ń gbé mọ́tò sẹ́yìn tán pátápátá ni kí ẹ lò. Bí jíà rẹ̀ bá jẹ́ ọtọmátíìkì tí wọ́n wọ́ ọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀, ọ́ọ̀lì kò ní yí nínú jíà torí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, jíà á sì jó. Ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, torí àtiṣe òmíràn wọ́n. Ẹ yọ orúkọ fóònù yín kúrò nínú rédíò. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé ẹ̀bùn títí ẹ ó fi rí ẹ̀dà ìwé tuntun tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó gbà á.