Ìpara Abíyá Tí Kì í Yọ́ Nínú Ooru, Tí Kò sì Ní Ba Léèsì Jẹ́

Bí oníbàárà bá gbé búbá léèsì wá pé kí n tú u sí i, abẹ́ apá ni mo máa ń kọ́kọ́ yí síta wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, màá bá àmì ràkọ̀ràkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè níbẹ̀, etí rẹ̀ á ti le gbagidi, òwú ibẹ̀ kò sì ní fẹ́ gba abẹ́rẹ́ mọ́. Òógùn nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Iyọ̀ álúmíníọ̀mù wà nínú ọ̀pọ̀ rólọ́ọ̀nù tó ń dá òógùn dúró. Òun ló máa ń dà pọ̀ mọ́ òógùn, tí yóò sì mu sínú aṣọ. Aṣọ òkè kò ṣeé fọ̀ bí ẹni ń fọ àǹkárá, torí náà bó bá ti mu ún, ó parí nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń po ìpara abíyá fúnra mi nìyí, tí mo sì ń rọ àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n pò ó.

Mi ò wí pé rólọ́ọ̀nù ọjà ń fa jẹjẹrẹ o. Ọ̀rọ̀ yẹn ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n ìwádìí àwọn onímọ̀ kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo ń sọ, àti ọ̀rọ̀ àwọn tí rólọ́ọ̀nù olóòórùn líle máa ń yún lára.

Kí a tó dáná, ẹ jẹ́ kí ohun kan yé wa. Òógùn fúnra rẹ̀ kò rùn. Àwọn kòkòrò tíńtìntín tí ojú ò lè rí, tí wọ́n ń gbé ní abíyá, ni wọ́n ń jẹ ohun tó wà nínú òógùn. Ohun tí wọ́n sì sọ ọ́ dà ló ń rùn. Ìpara tí a fẹ́ pò yìí kò ní dá òógùn dúró. Ẹ ó làágùn. Baking soda inú rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí abíyá rọ àwọn kòkòrò náà lọ́rùn, sítáàṣì á sì fa omi díẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ohun tí yóò mú kí abíyá gbẹ táútáú láti àárọ̀ dalẹ́ níbi ìnáwó, èyí kọ́ ló ń wá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìlànà tó wá láti ìlú òtútù ti ń já wa kulẹ̀ ni ti òróró. Òróró àgbọn ni wọ́n máa ń pọ̀ sí i jù. Dígírì 24 péré ni òróró àgbọn fi ń yọ́, ta ló sì rí ọ̀sán oṣù kẹta ní Ìbàdàn tí ooru rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Omi ni ìpara bẹ́ẹ̀ máa ń dà, á ṣàn sára aṣọ, a ó wá ti ọwọ́ àmì òógùn bọ́ sọ́wọ́ àmì òróró. Òrí sàn jù ú lọ, torí ó máa ń tó dígírì 32 sí 37 kó tó yọ́. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òrí nìkan kò tó. Ìda oyin ni yóò dì í mú. Ìyẹn kì í yọ́ àfi tí ooru bá kọjá dígírì 60. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oyin ni ẹ ti lè rí i, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èlò ọṣẹ àti ìpara.

Òrí Òkè-Ògùn, èyí tí wọ́n ń kó wá láti apá Ṣakí, ni mo ń rà ní Bódìjà. Ẹ mú bíńtín, kí ẹ fi ìka méjì rà á. Ó gbọ́dọ̀ yọ́ láìsí ohunkóhun tó ń ha ìka, kó sì máa rùn bí òrí, kó má ṣe ti kan. Ẹ má ra aláwọ̀ ìyeyè fún iṣẹ́ yìí, torí wọ́n sábà máa ń pa á láró ni, àwọ̀ náà sì lè ràn mọ́ aṣọ.

Èyí ni òṣùwọ̀n tèmi: òrí ṣíbí ńlá mẹ́ta, òróró àgbọn ṣíbí ńlá kan, ìda oyin tí a fi ọ̀bẹ fá wẹ́wẹ́ ṣíbí ńlá kan, sítáàṣì ṣíbí ńlá mẹ́rin, baking soda ṣíbí tíì kan. Bó bá di ìgbà ọyẹ́, ẹ dín ìda kù sí ìdajì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò le jù láti fi para.

Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tó gbẹ dáadáa dára, kọ́nfláwà inú páálí náà dára. Láfún kò dára, torí a ti rẹ ẹ́ kó kan kó tó gbẹ, òórùn rẹ̀ kò sì ní lọ.

Ẹ fara balẹ̀ níbi sódà. Baking soda ni mo wí, kì í ṣe baking powder, èyí tí wọ́n ti fi nǹkan kíkan sí. Ẹ má sì fi kán-ún dípò rẹ̀ láé. Kán-ún le ju baking soda lọ jìnnà, ó lè bó abíyá. Àwọn ìlànà mìíràn máa ń ní kí sódà àti sítáàṣì dọ́gba. Ó pọ̀ jù fún ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun ló ń sọ abíyá di pupa tí yóò máa ta.

Ẹ gbé ìkòkò tó ní omi díẹ̀ kaná. Ẹ da ìda oyin àti òróró àgbọn sínú abọ́ irin, kí ẹ gbé abọ́ náà sínú omi gbígbóná yẹn. Iná kò gbọdọ̀ kan abọ́ náà fúnra rẹ̀, torí ìda lè gbiná. Omi kò sì gbọdọ̀ ta sínú rẹ̀. Bí ìda bá yọ́ tán, ẹ sọ̀ ọ́, kí ẹ tó da òrí sí i. Òrí tó bá pẹ́ lórí iná, tó wá ń tutù díẹ̀díẹ̀, máa ń di hóró-hóró. Ẹ fi asẹ́ kíkúnná ku sítáàṣì àti sódà sí i, kí ẹ máa rò ó.

Ibi tí sùúrù ti ṣe pàtàkì nìyí. Bí ẹ bá tètè dà á sínú agolo, sódà á rì sísàlẹ̀. Òkè kò ní ṣiṣẹ́, ìsàlẹ̀ á sì máa ta yín lára. Ẹ máa rò ó títí yóò fi funfun tí kò ní dán mọ́, tí ibi tí ṣíbí gbà kọjá á hàn díẹ̀ kó tó padé. Ìgbà náà ni kí ẹ dà á sínú agolo kékeré tó gbẹ, kí ẹ dé e pa, kí ẹ gbé e sínú abọ́ omi tútù. Pure water tó tutù tó, bí kò bá síná.

Kí ẹ tó fi para, ẹ fi díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ó bá yún yín, ẹ tún un pò láìsí sódà. Ẹ má fi sí abíyá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ nu abíyá gbẹ, ẹ fi ìka mú ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan, kí ẹ para, kí ẹ sì dúró kí ó wọra kí ẹ tó wọṣọ. Bó bá jẹ́ léèsì ni, ẹ tún bu sítáàṣì gbígbẹ wọ́n ọn lórí díẹ̀.

Aṣọ tó ti ní àmì tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fi bílíìṣì sí i, ṣe ló máa ń jẹ́ kí ìyeyè náà le sí i. Bó bá jẹ́ aṣọ tó ṣeé fọ̀, ẹ rẹ abẹ́ apá rẹ̀ sínú omi tí ẹ pò mọ́ fínígà, kí ẹ tó wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ní ti aṣọ òkè, ẹ sọ fún télọ̀ yín kó gé aṣọ òwú funfun ní ìlọ́po méjì, kó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an mọ́ láínìn abẹ́ apá, kí ojú rírán náà gùn kó lè ṣeé tú. Lẹ́yìn òde, ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rán an padà. Kí ó tó gé aṣọ ni kí ẹ sọ fún un o, kó lè fi àyè sílẹ̀ fún un nínú apá.