Bí mo ṣe pààrọ̀ omi ẹ́ńjìnnì dísù ńlá tí kò gbóná jù rí

"Ọ̀gá, kò kúkú gbóná, kí lẹ fẹ́ tú omi rẹ̀ dànù sí?" Ohun tí awakọ̀ akẹ́rù náà bi mí nìyẹn, mi ò sì bá a jà. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó kì í kúrò láàárín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì dísù ńlá lè máa tutù dáadáa, kí omi tó ń tù ú sì máa jẹ irin rẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Mo ti bá wọn tú irú rẹ̀ kan rí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, sílíífù tí písítìnnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀ ṣeé yọ, omi ló sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Bí dísù bá ti gbiná, písítìnnì á gbá ògiri sílíífù, sílíífù á gbọ̀n. Bó ṣe ń gbọ̀n, ihó kéékèèké á yọ nínú omi tó wà lára rẹ̀, wọ́n á sì fọ́ mọ́ irin lójú ẹsẹ̀. Agbára tí ihó wọ̀nyí fi ń fọ́ tó láti họ irin díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn sílíífù tí a yọ lọ́jọ́ náà, níhà ibi tí písítìnnì ti ń gbá a, rí bí igi tí kòkòrò ti lu. Ihò kan ti já sínú, omi sì ti bá ibẹ̀ wọ ọ́ìlì. Ohun tó yẹ kó dènà èyí ni nítíráìtì, èròjà adáàbò bo irin tó wà nínú kúláǹtì, ìyẹn èròjà olómi tí a ń pò mọ́ omi ẹ́ńjìnnì: ó máa ń fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo irin, awọ yẹn ni ihó á máa fọ́ mọ́, òmíràn á sì tún bò ó. Iṣẹ́ yìí náà ló ń jẹ nítíráìtì tán, abẹ́rẹ́ ooru kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo dúró títí ẹ́ńjìnnì fi tutù pátápátá kí n tó ṣí ìdérí rédíétọ̀. Omi gbígbóná tó há mọ́ inú ibẹ̀ kì í rọra jáde. Mo bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, mo gbé e sójú oòrùn: ó ti pọ́n bí ìpẹtà, ṣùgbọ́n ọ́ìlì kò léfòó lójú rẹ̀. Ká ní ọ́ìlì wà níbẹ̀ ni, iṣẹ́ mìíràn ni ì bá délẹ̀. Mo ki bébà àyẹ̀wò bọ̀ ọ́, mo fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ara páálí. Nítíráìtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ibi méjì ni mo ti tú omi náà: ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ àti nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì gan-an. Ti búlọ́ọ̀kù yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yà sí, omi ẹlẹ́gbin á sì kù sílẹ̀ de kúláǹtì tuntun. Mo da omi mímọ́ àti èròjà ìfọ̀ sí i, mo ṣí hítà, mo tan ẹ́ńjìnnì títí hóòsì òkè fi gbóná, kí n lè mọ̀ pé tẹ́mósítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ fún omi bó bá gbóná, ti ṣí. Mo tú u, mo tún fi omi lásán ṣan án, títí èyí tó ń jáde kò fi yàtọ̀ sí èyí tó ń wọlé.

Mo yọ tẹ́mósítáàtì, mo sè é nínú ìkòkò pẹ̀lú tẹmọ́mítà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 82°C, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, mo bá dá a padà. Awakọ̀ ní kí n kúkú jù ú nù kí ẹ́ńjìnnì lè tutù sí i. Mi ò gbà. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù jù, dísù kì í jó tán, á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíífù. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí a bá yọ ọ́, omi á máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú láìdé rédíétọ̀, wọ́n á sì wá gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Hóòsì ìsàlẹ̀ ti rọ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀. Pọ́ǹpù omi kò jò. Mo fẹ́ eruku kúrò lára rédíétọ̀ láti ìhà fáànù síta.

Ìlàjì kúláǹtì, ìlàjì omi tí a sè, tí a gba oru rẹ̀ kó tún di omi, ni mo pò pọ̀ nínú báàfù kí n tó dà á sí i. Omi ẹ̀rọ ní èròjà tó máa ń dì mọ́ ibi tó gbóná jù, ooru kì í sì lè gba ara rẹ̀ kọjá bọ̀rọ̀. Àpòpọ̀ yìí kì í dì àfi bí òtútù bá tó -37°C, ó sì máa ń hó ní nǹkan bí 107°C. Pẹ̀lú ìdérí rédíétọ̀ tó jí pépé, tó lè há omi mọ́ títí dé ìwọ̀n ìtì 15 psi, ó lé ní 120°C kó tó hó, ìdí nìyẹn tí ìdérí tó ti rọ fi ń dá wàhálà sílẹ̀. Kúláǹtì tó pọ̀ jù náà kò dára, nítorí omi ló ń gbé ooru ju òun lọ. Mo tẹ̀ lé ìwé ẹ́ńjìnnì náà láti yan irú èyí tí mo rà. Àwọn kan wà tí kò lo nítíráìtì rárá, àwọ̀ kò sì fi wọ́n hàn.

Mo rọra dà á, mo ṣí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lókè, mo tan ẹ́ńjìnnì títí ó fi gbóná. Nígbà tó tutù, omi ti wálẹ̀ díẹ̀, mo fi kún un.

Awakọ̀ béèrè bóyá òun lè bu omi lásán sí i bó bá dín kù lójú ọ̀nà. Mo ní bó bá di dandan, kó bù ú, ṣùgbọ́n kó gbé ọkọ̀ wá kí a tún ki bébà bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà mo fún un ní gálọ́ọ̀nù kan nínú èyí tí mo ti pò.