Bí Mo Ṣe Gba Ìfun Àwọn Ẹlẹ́dẹ̀ Mi Lọ́wọ́ Oró Olú Inú Oúnjẹ Wọn

Àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí pé nǹkan kò lọ déédéé mọ́. Ọpọ́n oúnjẹ tí wọ́n máa ń lá mọ́ kí oòrùn tó mú ń wà ní ìdajì títí di ọ̀sán, àwọn kan ń bì kété tí wọ́n bá jẹun tán, ìgbẹ́ àwọn mìíràn sì ti di omi. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn tí a bí lọ́jọ́ kan náà ti yàtọ̀ síra débi pé ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò rò pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Mo fún wọn ní oògùn aràn, mo fọ ilé wọn, mo yẹ omi tí wọ́n ń mu wò, síbẹ̀ kò sí ìyàtọ̀. Ohun tó wá mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí oúnjẹ ni àwọn abo tí kò tíì bímọ rí: ojú ara wọn pọ́n, ó sì wú bíi ti ẹlẹ́dẹ̀ tó ń wá akọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí dókítà ẹran dé, tó sì rí wọn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni ibi tí mo ń kó àgbàdo pamọ́ sí.

Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn olú kéékèèké tó ń mú kí ọkà bu kì í ṣe oríṣi kan, àti pé ọ̀nà tí oró wọn ń gbà ṣọṣẹ́ yàtọ̀ síra. Aspergillus ló ń pèsè aflatoxin, tí ẹ̀dọ̀ máa ń kọ́kọ́ fara gbá. Oró yìí ni wọ́n wá mọ̀ lẹ́yìn tí ó pa tòlótòló tó ju 100,000 lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1960, nípasẹ̀ ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n fi bọ́ wọn. Fusarium ní tirẹ̀ sábà máa ń mú àgbàdo láti oko, ó sì ń pèsè deoxynivalenol, zearalenone àti fumonisin. Nínú gbogbo ẹran ọ̀sìn, kò sí èyí tí deoxynivalenol tètè ń bá jà tó ẹlẹ́dẹ̀. Zearalenone ló ń ṣe bí èròjà ara tó ń mú kí abo wá akọ, òun ló sì fa wíwú tí mo rí.

Ọ̀rọ̀ deoxynivalenol ló kan ìfun jù. Ńṣe ni ó máa ń dí iṣẹ́ pípèsè purotéènì lọ́wọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bo inú ìfun gbọ́dọ̀ máa sọ ara wọn dọ̀tun láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí iṣẹ́ náà bá dẹ́kun, àwọn ìka tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń fa èròjà oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀ á kúrú, ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti so mọ́ èkejì á tú, àwọn bakitéríà tó yẹ kí wọ́n dúró sínú ìfun á sì rí ọ̀nà gbà wọnú ara. Ìgbà náà ló tó yé mi ìdí tí oògùn ìgbẹ́ gbuuru tí mo ń rà kì í fi í ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ méjì lọ: ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo sì ń lé ẹni tó ń gba ibẹ̀ wọlé.

Láti mọ oró tó wà níbẹ̀, a ní láti mú àpẹẹrẹ àgbàdo náà lọ sí ilé àyẹ̀wò, apá yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ. Oró olú kì í tàn ká inú ọkà bákan náà. Hóró díẹ̀ ló lè kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀kúnwọ́ kan láti òkè lè jẹ́ kí á rò pé àká tó ti bàjẹ́ mọ́, tàbí kí á da èyí tó mọ́ nù. Mo fi ọ̀pá ìwádìí gígùn fa àgbàdo láti òkè, àárín, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́, mo sì tún ń bù ú díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń jáde láti ẹnu páìpù. Mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó kílò márùn-ún, mo lọ̀ ọ́, mo pò ó dáadáa, kí n tó bu ìdajì kílò sínú àpò bébà. Mi ò lo ọ̀rá, nítorí àgbàdo tó bá ní ọ̀rinrin máa ń làágùn nínú rẹ̀, olú á sì máa hù sí i kó tó dé ibi tó ń lọ. Ojú lásán kò rí nǹkan kan tó burú nínú àgbàdo yẹn.

Èsì jáde: deoxynivalenol jẹ́ mílígíráàmù 2.6 nínú kílò kan, zearalenone jẹ́ 0.4, aflatoxin kò sì tó nǹkan. Níwọ̀n bí àgbàdo ti jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ mi, nǹkan bí 1.7 deoxynivalenol ló ń wọ ọpọ́n. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dámọ̀ràn ní ọdún 2006 fún odindi oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ni 0.9, ti zearalenone fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ àti abo tí kò tíì bímọ sì jẹ́ 0.1.

Ó dùn mí pé kí èsì tó dé, mo ti po amọ̀ bentonite mọ́ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí pé ẹni tó tà á fún mi sọ pé ó ń ká gbogbo oró olú. Amọ̀ yìí dára púpọ̀ fún aflatoxin, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì ń rá wọ àárín ìpele amọ̀ náà, ṣùgbọ́n deoxynivalenol kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ orúkọ oró tó wà nínú ọkà yín kí ẹ tó ra ohunkóhun tí ẹ máa pò mọ́ ọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí èsì dé ni mo dá oúnjẹ náà dúró, mo sì gba àgbàdo mìíràn tí a ti yẹ̀ wò. Àgbàdo àkọ́kọ́ ni mo jọ̀, kí eruku àti hóró tó fọ́ lè kúrò, nítorí inú wọn ni oró máa ń pọ̀ sí. Lẹ́yìn tí a tún un yẹ̀ wò, mo fi èsì rẹ̀ han ẹni kan tó ń sin màlúù, ó sì gbà á, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ikùn màlúù máa ń sọ deoxynivalenol di aláìlágbára. Oúnjẹ tuntun ni mo wá po èròjà tó ń fọ́ deoxynivalenol mọ́, pẹ̀lú èèpo sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà nítorí zearalenone, kí ó lè bójú tó ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù.

Nígbà tí mo tú àká sílẹ̀, mo rí oúnjẹ tó ti dì gan-an lábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò àti níbi tí páìpù ti yí kọ́rọ́. Mo ha á kúrò, mo dí ojú ibi tó ń jò, mo fọ àká náà, mo sì fi í sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ méjì kó gbẹ. Láti ìgbà náà, àgbàdo tí ọ̀rinrin rẹ̀ bá ju ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kò wọ ibẹ̀ mọ́. 13 ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ásíìdì propionic tí mo máa ń fọ́n sí i lè dá olú dúró kó má hù, ṣùgbọ́n kò lè mú oró tó ti wà níbẹ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ sì ni ooru ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe oúnjẹ oníhóró kò lè pa á.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tuntun, àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lá ọpọ́n wọn mọ́. Ìgbẹ́ wọn kò tètè dì, ó gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ní gbogbo àkókò yẹn mo ń fún wọn lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ dípò kí n kún ọpọ́n. Wíwú àwọn abo lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mẹ́fà nínú àwọn ọmọ tó ti rù jù kò bá ẹgbẹ́ wọn mọ́ títí wọ́n fi kúrò lọ́dọ̀ mi.

Nísinsìnyí, a kì í já àgbàdo kankan sílẹ̀ kí n tó mú àpẹẹrẹ, kí n sì fi ìwé pélébé àyẹ̀wò kíákíá dán an wò, ìdajì kílò nínú rẹ̀ sì máa ń wà nílé mi títí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ ẹ́ yóò fi kúrò lọ́gbà. Ní oṣù tó kọjá, ọkọ̀ kan kó àgbàdo dé tí ìwé náà fi hàn pé deoxynivalenol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ. Inú awakọ̀ kò dùn, ó ní kò sóhun tó ṣe àgbàdo náà lójú, mo fi àwọn abo hàn án, mo sọ ohun tí ojú wọn ti rí, mo sì ní kó máa gbé e lọ.