Bí a ṣe ń rẹ iwájú Datsun àtijọ́ sílẹ̀ láì ba aláínmẹ́ǹtì jẹ́

Ẹni tó bá ń tún píkọ́ọ̀pù Datsun 620 tàbí 720 ṣe ní Ìkòròdú sábà máa ń fẹ́ kí imú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ó máa ń dùn ún wò lóòótọ́. Àmọ́ kí a sọ imú ọkọ̀ kalẹ̀ kò le. Aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn bí táyà ṣe dúró àti ibi tó dojú kọ, niṣẹ́ wà. Ẹni tó bá fo ìyẹn, táyà tuntun á jẹ tán lápá inú kó tó mọ̀.

Iwájú Datsun wọ̀nyí kò ní sípíríǹgì oníyìípo. Tọ́ṣàn báà ló gbé e: ọ̀pá irin gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó ń lọ́ bí táyà bá ṣe ń gòkè. Lẹ́yìn ọ̀pá náà, lábẹ́ ọkọ̀, ni bóòtì tí a fi ń gbé iwájú sókè sódò wà. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ fi gáàsì sun irin tàbí gé e, ẹ gba ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mi táyà iwájú wò. Bí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé ìdí táyà), tai rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tí sítíárìn fi ń yí táyà) tàbí rọ́bà apá (apá ni irin tó so ìdí táyà mọ́ férémù, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀) bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ wọn ná, torí aláínmẹ́ǹtì kì í dúró lórí ohun tó ń mì.

Ẹ wá gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí atẹ́gùn táyà pé. Ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín ríìmù dé etí fẹ́ńdà, lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí imú wálẹ̀ ní ínǹṣì 1 sí 1½ ti tó. Títú bóòtì kì í sọ ọ̀pá di rírọ̀. Àyè tí táyà fi ń gòkè ló ń gbà. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ jù, gbogbo kòtò ọ̀nà Ṣágámù ni apá ìsàlẹ̀ á máa gbá rọ́bà ìdádúró rẹ̀.

Ẹ gbé iwájú sókè pẹ̀lú jáàkì, kí ẹ fi sítáńdì gbé férémù ró. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró láéláé. Táyà gbọ́dọ̀ so rọ̀ sílẹ̀, kí ẹrù kúrò lórí ọ̀pá. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí bóòtì, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó ń tì í pa, kí ẹ wá máa tú bóòtì náà díẹ̀díẹ̀, iye kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ má tú u yọ. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ tì í síwá sẹ́yìn, ẹ tẹ fẹ́ńdà mọ́lẹ̀ léraléra, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ìgbà tí ọ̀tún àti òsì bá dọ́gba ni kí ẹ ti nọ́ọ̀tì pa.

Aláínmẹ́ǹtì ló kàn. Bí imú bá ti wálẹ̀, orí táyà sábà máa ń tẹ̀ sínú, ìdojúkọ táyà méjèèjì (bí iwájú wọn ṣe sún mọ́ra sí) náà á sì yí. Títẹ̀ yẹn la kọ́kọ́ ń tún ṣe. Ẹ so okùn tí irin wà nídìí rẹ̀, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò, kọ́ etí fẹ́ńdà, kí ẹ wọn àlàfo àárín okùn àti etí ríìmù lókè àti nísàlẹ̀. Bí tòkè bá fẹ̀ ju tìsàlẹ̀ lọ, orí táyà ti tẹ̀ sínú nìyẹn. Àwọn páànù pẹlẹbẹ tó wà nídìí apá òkè la fi ń tún un ṣe. Bí ẹ bá fi páànù kún bóòtì méjèèjì apá òkè náà lọ́gbọọgba tàbí yọ lára wọn lọ́gbọọgba, títẹ̀ táyà nìkan ló ń yí; bí iye wọn kò bá dọ́gba, apá á sún síwájú tàbí sẹ́yìn, ọwọ́ sítíárìn á sì yàtọ̀.

Ìdojúkọ táyà ló gbẹ̀yìn, torí gbogbo àtúnṣe yòókù ló ń yí i. Ẹ sàmì sí àárín ojú táyà méjèèjì níwájú, ní gíga àárín ríìmù, kí ẹ wọn àlàfo wọn. Ẹ ti ọkọ̀ síwájú títí àmì yóò fi dé ẹ̀yìn ní gíga kan náà, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tiwájú gbọ́dọ̀ kéré ju tẹ̀yìn lọ ní mílímítà díẹ̀; ìwé ọkọ̀ yín ló máa sọ iye rẹ̀. Tai rọ́ọ̀dù lẹ ó yí, lọ́tùn-ún àti lósì bákan náà, kí sítíárìn má baà wọ́.

Ẹ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ aláínmẹ́ǹtì. Ìwọ̀n ọwọ́ yìí kàn ń jẹ́ kí ẹ wa ọkọ̀ débẹ̀ láì jẹ táyà ni. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wọn gíga rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí irin máa ń jókòó. Kí ẹ sì tún iná iwájú gbé sókè díẹ̀, nítorí imú tó wálẹ̀ ti mú un máa tàn sí ilẹ̀ nítòsí.