Bí a ṣe ń dínà mọ́ èkúté àti aáyán nígbà ọyẹ́

Nílé wa ní Ẹpẹ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọyẹ́ ti dé. Nígbà òjò, èjìká la fi ń ṣí i, nítorí pákó ti mu omi yó. Bó bá di oṣù Kejìlá, pákó á gbẹ, á sún kì, àlàfo á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an làwọn àgbẹ̀ ń sun igbó, tí omi inú kòtò ń gbẹ. Ibo lẹ fẹ́ kí eku sá gbà? Oúnjẹ ń bẹ nílé yín, omi ń bẹ, ilẹ̀kùn sì ti là sílẹ̀ fún un.

Oògùn eku ni ọ̀pọ̀ wa ń sáré rà. Èmi náà ṣe é lọ́dún kan. Èkúté jẹ ẹ́, ó gun orí síílìnì, ó kú síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi jẹun níta. Láti ìgbà náà, ihò ni mo kọ́kọ́ ń dí.

Alẹ́ ni kẹ́ ẹ wá ihò. Ẹ pa gbogbo iná ilé, kí ẹnì kan mú tọ́ọ̀ṣì síta, kó máa tàn án sí ìdí ilẹ̀kùn, etí fèrèsé àti ibi tí páìpù gbà wọlé. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ sí yín nínú ilé, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ẹ má fojú di èyí tó kéré: ihò tí bírò bá ti lè wọ̀, eku kékeré á wọ̀ ọ́. Tí ẹ ò bá sì mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, ẹ fọ́n èlùbọ́ díẹ̀ sí ìdí ògiri kẹ́ ẹ tó sùn. Láàárọ̀, ipa ẹsẹ̀ wọn á ti tò síbẹ̀ wínníwínní. Fèrèsé là ń fura sí nílé wa. Ìdí páìpù síńkì ni èlùbọ́ mú wa lọ.

Ó kan dídí. Àkísà, fóòmù, bébà, gbogbo ìwọ̀nyí ni èkúté ń jẹ. Ẹ ra kànrìnkàn onírin tí a fi ń ha ìdí ìkòkò, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọnú ihò náà títí yóò fi kún pinpin, kẹ́ ẹ wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú. Etí òrùlé, níbi tí páànù ti gun orí ògiri, káfíńtà ni kẹ́ ẹ pè kó kan àwọ̀n onírin tí ojú rẹ̀ kéré mọ́ ọn. Àwọ̀n ẹ̀fọn lásán ò lè dá wọn dúró. Ní ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, tíúbù ọkọ̀ tó ti gbó, tẹ́ ẹ lè tọrọ lọ́wọ́ fọkanáísà, á dínà mọ́ aáyán. Ti èkúté ń fẹ́ páànù pẹlẹbẹ. Rọ́bà nìkan ni mo kọ́kọ́ kàn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti jẹ ẹ́ dé àárín.

Balùwẹ̀ àlejò wá ńkọ́? Lábẹ́ ihò tí omi ń gbà lọ, páìpù máa ń tẹ̀ kọ́rọ́, omi díẹ̀ á sì dúró níbẹ̀. Omi yẹn ló ń dínà mọ́ aáyán inú sókáwè. Tí a kò bá lo balùwẹ̀ náà nígbà ọyẹ́, omi á gbẹ, aáyán á sì máa gun ògiri lọ́gànjọ́. Ife omi kan, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ dà á síbẹ̀. Kọ́bọ̀ kan ò bá a lọ.

Lẹ́yìn èyí ni pàkúté. Èkúté kì í la àárín ilé kọjá, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń tọ̀, nítorí náà, ìdí ògiri ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri. Wọ́n máa ń fura sí ohun tuntun. Ẹ fi orí ẹja yíyan sí i, ẹ má dẹ ẹ́ fún alẹ́ méjì; kí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ná. Alẹ́ kẹta, ẹ dẹ ẹ́. Ní tèmi, ota-pia-pia kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí ọmọdé ń sùn.

Ìgbẹ́ wọn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ibà Lassa ti ń ran èèyàn, àìsàn tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè láti 1969, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló sì máa ń gbóná jù. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ á gbéra. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ po ife blíìṣì kan mọ́ ife omi mẹ́sàn-án, ẹ dà á lé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó nù ún. Ibà tó bá mú yín láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, tí oògùn ibà kò sì kápá rẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì dárúkọ èkúté fún dókítà.

Gààrí àti ìrẹsì, inú ike onídèérí tó le ni kí wọ́n wà, lórí tábìlì. Èyí tẹ́ ẹ bá ti rí ìgbẹ́ èkúté nínú rẹ̀, ẹ má kàn ṣa ìgbẹ́ náà kúrò. Mo mọ iye tí wọ́n ń ta kọ́ńgò gààrí lọ́jà Ayétòrò. Síbẹ̀, ẹ dà á nù.