Egbò ti jinná, ìpayà ò tíì lọ: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí eléré ìdárayá tó farapa

Ẹ má ṣe tojú egbò mọ bí ọkàn ṣe wà. Eegun ti so, iṣan ti le, dókítà ti fọwọ́ sí i, akọ́nimọ̀ọ́gbá á bá ní ó yá, bọ́ sórí pápá. Monica Seles, obìnrin tó ń gbá tẹ́níìsì, ni kí ẹ wò. Ní ọjọ́ 30 oṣù April 1993, ní Hamburg lórílẹ̀-èdè Jámánì, ọkùnrin kan gún un lọ́bẹ lẹ́yìn níbi tó jókòó sí lágbo tẹ́níìsì. Ọmọ ọdún 19 ni, kò sì sí obìnrin tó ju ú lọ nínú eré náà nígbà yẹn. Ọgbẹ́ yẹn jinná láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ó di August 1995 kó tó padà síbi ìdíje. Ó gba Australian Open ní 1996, síbẹ̀ kò tún díje ní Jámánì mọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí wọ́n máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ojo. Àlá burúkú ń jí i lóru, ó ń yẹra fún pápá tó ti ṣubú, àyà rẹ̀ ń já bí ẹnì kan bá sáré sún mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, nígbà míì ó máa ń ṣe é bíi pé ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ náà tún ti bẹ̀rẹ̀. Àìsàn ni, PTSD ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìpayà tí kì í lọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú; ó ti wà nínú ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti 1980. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ìbẹ̀rù pé orúnkún lè tún yẹ̀ ló jẹ́ àìsàn yìí, ọ̀pọ̀ ìpayà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá ti lé ní oṣù kan, ẹ má dúró mọ́, ẹ wá ìtọ́jú fún un.

Ẹ má fipá mú un ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ má sì fi fídíò ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, kódà bí ẹ bá rò pé yóò mọ́ ọn lára. Àtikojú ohun tó ń bani lẹ́rù wà nínú ìtọ́jú lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló ń darí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ń ṣe.

Ọtí àti oògùn oorun kì í wò ó. Bó bá sì sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.